Gáàsì Kì Í Gbẹ

Bí oṣù kejì ọdún bá ti ń lọ sópin, tí ọyẹ́ ti kásẹ̀ nílẹ̀ ṣùgbọ́n tí àkọ́rọ̀ òjò kò tíì rọ̀, gbólóhùn kan wà tí ó máa ń gbilẹ̀ ní àdúgbò wa ní Ìbàdàn. Ẹni tí ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ kò tutù mọ́ yóò pe oníṣẹ́. Oníṣẹ́ yóò wọlé, yóò gbé ọwọ́ sí ẹnu ẹ̀rọ náà, yóò mi orí, yóò sì wí pé: "Gáàsì rẹ̀ ti tán." Onílé yóò sanwó, ẹ̀rọ yóò sì tutù fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí ó bá di ọdún tí ń bọ̀, tàbí kí ó tilẹ̀ má tó bẹ́ẹ̀, gbólóhùn kan náà yóò tún jáde lẹ́nu oníṣẹ́ mìíràn, owó mìíràn yóò sì tún jáde lápò.

Mo fẹ́ kọ nípa gbólóhùn yìí nítorí pé, ní oṣù kẹta ọdún tó kọjá, ó ju ọ̀rọ̀ owó lọ nínú ilé wa. Yàrá tí ẹ̀rọ kò ti tutù mọ́ ni yàrá tí ìyá mi ń sùn. Ẹni ọdún 79 ni wọ́n. Wọ́n ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀kan nínú àwọn oògùn náà sì jẹ́ èyí tí ń mú kí ènìyàn máa tọ̀ lemọ́lemọ́. Dókítà wọn ti kìlọ̀ fún wa pé òùngbẹ kì í tètè gbẹ àgbàlagbà, ara wọn kì í sì í làágùn bíi ti ọ̀dọ́, nítorí náà ooru lè ṣe wọ́n léṣe kí àwọn fúnra wọn tó mọ̀. Bí a bá sì bi màmá léèrè, ìdáhùn kan ṣoṣo ni wọ́n ní: "Ara mi le, ọmọ mi."

Òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé ni oníṣẹ́ àkọ́kọ́ dé. Kò ṣí nǹkan kan, kò dé ẹ̀yìn ilé. Ó gbé ọwọ́ sókè sí ẹnu ẹ̀rọ, ó sì sọ gbólóhùn náà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́," ni mo wí, "níbo ni gáàsì náà gbà jáde?"

"Àǹtí, gáàsì máa ń gbẹ ni. Bí omi ṣe ń gbẹ nínú ìkòkò náà ni."

"Ṣé ẹ ó kọ́kọ́ wá ibi tí ó ti ń jò?"

"Iṣẹ́ ńlá nìyẹn o. Ẹ jẹ́ kí a kàn fi gáàsì sí i ná, kí màmá lè rí atẹ́gùn."

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí ni ó wúwo jù lọ nínú gbogbo ohun tí ó sọ, n kò sì rò pé ó sọ ọ́ láti tàn mí jẹ. Òótọ́ ni pé màmá jókòó nínú ooru. Ṣùgbọ́n mo kíyè sí i pé ooru gan-an ni ó ń bá wa ná ọjà náà. Ẹni tí ara ń ni kì í lè béèrè ìbéèrè. Ohun tí wọ́n bá bù fún un ni yóò gbà. Bí a bá fẹ́ mọ ohun tí ó ń ṣe ẹ̀rọ, àfi kí a kọ́kọ́ gba ènìyàn kúrò lọ́wọ́ ooru, kí ìkánjú lè kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ oníṣẹ́ náà, mo fún un lówó ọkọ̀, mo sì sọ fún un pé n ó pè é bí ó bá di ọ̀rọ̀ gáàsì. Lẹ́yìn náà, èmi àti àbúrò mi ọkùnrin gbé àga màmá lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí oòrùn kì í dé mọ́ lẹ́yìn agogo 11 òwúrọ̀. A ṣí fèrèsé méjèèjì tí ó kọjú síra wọn. A fi aṣọ ìnura tí a rì sínú omi lé wọn lọ́rùn àti lápá, a sì ń fún wọn lómi mu díẹ̀díẹ̀ láìdúró de ìgbà tí wọn yóò béèrè. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín pé a ti sọ àwọn di ọmọ tuntun. Fáànù wà níbẹ̀, ó sì wúlò nítorí pé omi wà lára wọn. Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá ti gbóná ju ara ènìyàn lọ, ooru lásán ni fáànù yóò máa fẹ́ síni lára. Bí àgbàlagbà bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ tí kò bára mu nínú ooru, tí ara rẹ̀ gbóná kọjá ààlà, tàbí tí ó dákú, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ẹ̀rọ: ilé ìwòsàn ló kàn, lójú ẹsẹ̀.

Nígbà tí ọkàn wa balẹ̀, mo mú ìwé ìlò tí ó wà nínú páálí ẹ̀rọ náà, mo sì jókòó kà á. Ohun tí ó yẹ kí gbogbo onílé mọ̀ kò pọ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù kì í ṣẹ̀dá òtútù. Ooru ni ó ń kó. Ó ń kó ooru inú yàrá, ó sì ń lọ dà á síta. Gáàsì ni alárù tí ń ru ẹrù náà. Nínú yàrá, gáàsì a máa gba ooru sára láti inú afẹ́fẹ́ tí fáànù ń fà kọjá lára ọ̀pá rẹ̀. Níta, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, tí í ṣe ọkàn ẹ̀rọ náà, a máa fún gáàsì pọ̀ títí yóò fi gbóná ju afẹ́fẹ́ ìta lọ. Nígbà náà ni àwọn irin pẹlẹbẹ wẹ́wẹ́ tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ ìta yóò gba ooru náà, tí fáànù yóò sì fẹ́ ẹ dànù. Alárù a sì tún padà wọlé wá ru òmíràn. Inú ọ̀pá tí a dì pa ni ó ti ń lọ tí ó ti ń bọ̀. Ó dà bí ẹ̀jẹ̀ nínú ara: ẹ̀jẹ̀ kì í tán nítorí pé ènìyàn rin ìrìn púpọ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dín, ojú egbò wà níbì kan.

Ẹ̀rọ yìí ní iṣẹ́ kejì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kà sí. Nígbà tí Willis Carrier, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ Amẹ́ríkà, ṣe ètò irú ẹ̀rọ yìí ní 1902, kì í ṣe nítorí kí ara lè tu ẹnikẹ́ni. Ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé kan ní Brooklyn, ní New York, ni ó ṣe é fún, nítorí pé ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ń mú kí ìwé fẹ̀, kí ó sì tún sún kì, tí àwọ̀ oríṣiríṣi kò fi bọ́ sójú kan náà. Ìdí nìyẹn tí omi tí ń kán láti ẹnu rọ́bà lẹ́yìn ilé fi jẹ́ ẹ̀rí: ọ̀rinrin yàrá ni. Ní ìgbà ọyẹ́ tí afẹ́fẹ́ gbẹ, ó lè má kán rárá. Ṣùgbọ́n ní àsìkò tí ara ń lẹ̀, bí ẹ̀rọ bá ti ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan tí kò sí ẹ̀kán omi kan, ó yẹ kí a fura.

Ìbéèrè tí kò náni ní kọ́bọ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo wo rìmóòtù. Àmì yìnyín ni ó yẹ kí ó wà lójú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àmì fáànù nìkan, afẹ́fẹ́ lásán ni ẹ̀rọ yóò máa fẹ́, bí ó bá sì jẹ́ àmì ẹ̀kán omi, ọ̀rinrin ni ó ń lé ju ooru lọ. Àmì yìnyín ni tiwa wà, ní dígírì 24. Àwọn kan a máa yàn án sí 16 kí ó lè yára; kò ní torí bẹ́ẹ̀ yára, yóò kàn pẹ́ kí ó tó sinmi ni. Bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ẹ̀rọ, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ lè lo nǹkan bí ìṣẹ́jú 3 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nítorí náà kí a ní sùúrù díẹ̀.

Asẹ́ ni ó tẹ̀ lé e, ìyẹn àwọ̀n tí ó wà lẹ́yìn ìdérí iwájú ẹ̀rọ inú yàrá. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni a máa ń fọ tiwa, ó sì mọ́. Bí asẹ́ bá dí, afẹ́fẹ́ kò ní lè kọjá, òtútù yóò kóra jọ sórí ọ̀pá inú, yìnyín yóò sì bò ó. Ẹni tí ó bá rí yìnyín níbẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ọ̀bẹ yọ ọ́. Kí ó pa òtútù, kí ó fi fáànù nìkan sílẹ̀ títí yìnyín yóò fi yọ́, kí ó fọ asẹ́ pẹ̀lú omi àti ọṣẹ díẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa kí ó tó dá a padà.

Lẹ́yìn asẹ́, mo wo iná ọba. Sítábíláísà wa ń fi 212 hàn ní ọ̀sán ọjọ́ náà, èyí kò burú. Ṣùgbọ́n ní alẹ́, nígbà tí gbogbo àdúgbò bá tan ẹ̀rọ wọn, ó máa ń wálẹ̀ dé 170. Bí iná bá rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, fáànù yóò máa yí bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ lè má lè dìde. Nítorí náà, ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń tutù lọ́sàn-án tí kò ń tutù lálẹ́ ní ìdí láti wo iná kí ó tó ronú gáàsì.

A wá mú ohun èlò ìwọn ooru kékeré kan. A kọ́kọ́ gbé e sí ibi tí ẹ̀rọ ti ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, lẹ́yìn náà a gbé e sí ibi tí ó ti ń fẹ́ ẹ jáde. Ó fa dígírì 31 wọlé, ó fẹ́ dígírì 27 jáde. Ìyàtọ̀ 4 péré. Nínú ẹ̀rọ tí ara rẹ̀ dá, ìyàtọ̀ yìí sábà máa ń wà láàárín dígírì 8 sí 12. Báyìí ni a ṣe ní nọ́ńbà lọ́wọ́ dípò "ó dà bí ẹni pé kò tutù tó." Ẹnikẹ́ni tí ó bá wá tún un ṣe, nọ́ńbà yìí ni a ó fi mọ̀ bóyá ó ṣe nǹkan kan.

Ẹ̀yìn ilé ni ọ̀rọ̀ ti yé wa. Fáànù ìta ń yí, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ sì ń kùn. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tí ó yẹ kí ó máa tú jáde pẹ̀lú agbára kò ju èémí ọmọdé lọ. A wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà: a kò rí irin. Ohun tí a rí dà bí aṣọ dúdú tí a fi bò ó. Ọ̀nà tóóró tí ó wà láàárín ilé àti ọgbà ni àwọn ayálégbé máa ń gbé ẹ̀rọ amúnáwá wọn sí. Èéfín olóróró tí ń jáde lára wọn ti po mọ́ eruku ọyẹ́, ó sì ti di ìdọ̀tí tí ń lẹ̀. Alárù ń ru ooru dé ibẹ̀, kò rí ibi sọ ọ́ kalẹ̀.

Ọmọbìnrin kan tí kò tíì tó ọdún 30 ni oníṣẹ́ kejì. Ó kúnlẹ̀ kí màmá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó béèrè ohun tí a ti ṣe, ó ka nọ́ńbà wa, ó sì gba ẹ̀yìn ilé lọ tààrà. Ó fi mítà wọn iná tí ẹ̀rọ ń fà: ampere 7.1. Lẹ́yìn náà, ó pa iná láti ara súìṣì ńlá, ó ṣí ìdérí, ó yẹ kàpásítọ̀ wò, ó ní ó ṣì dára. Ó wá fi omi tí kò le jù àti ọṣẹ tí a ń lò fún iṣẹ́ náà fọ àwọn irin wẹ́wẹ́ yẹn láti inú bọ̀ síta, kí ìdọ̀tí má baà tún wọ inú sí i. Omi dúdú ṣàn fún nǹkan bí 40 ìṣẹ́jú.

Nígbà tí ẹ̀rọ ti gbẹ tí ó sì ti ṣiṣẹ́ fún 20 ìṣẹ́jú, ó fa dígírì 30 wọlé, ó sì fẹ́ 20 jáde. Iná tí ó ń fà wálẹ̀ sí ampere 5.4. Mo béèrè bóyá kí a fi gáàsì díẹ̀ kún un.

"Rárá, mà," ni ó wí. "Gáàsì rẹ̀ pé. Kò rí èémí mí ni."

Ó ṣàlàyé pé bí a bá ti fi gáàsì kún un nígbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì dí, ìfúnpá inú ọ̀pá ìbá ti ga sí i, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ìbá sì ti máa ṣiṣẹ́ kọjá agbára rẹ̀ títí yóò fi jó. Ohun tí ó wọ́n jù lọ nínú ẹ̀rọ náà nìyẹn. Owó gáàsì ni à bá san, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ni à bá sì pàdánù.

Èyí kò túmọ̀ sí pé gáàsì kì í dín. Ó ń dín, ṣùgbọ́n jíjò ni ó ń jò. Àmì rẹ̀ wà: òróró tí ó yọ níbi tí ọ̀pá ti so pọ̀, yìnyín lára ọ̀pá níta, tàbí ìró fééfé tí kò dáwọ́ dúró. Oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ yóò fi omi ọṣẹ tó ń hó kan ojú ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ó bá ti ń hó sókè ni ojú ihò. Ó gbọ́dọ̀ dí ihò náà, kí ó fa afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin kúrò nínú ọ̀pá pẹ̀lú ẹ̀rọ, kí ó tó wọn gáàsì tuntun sínú rẹ̀. Fífi gáàsì sínú ọ̀pá tó ń jò kò yàtọ̀ sí fífi agbọ̀n pọnmi.

Orúkọ gáàsì àti ìwọ̀n rẹ̀ wà lára bébà tí a lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ ìta. R-22 ni ó wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́. R-410A àti R-32 ni ó wọ́pọ̀ nínú àwọn tuntun. A kì í pò wọ́n pọ̀, a kì í sì í fi ọ̀kan rọ́pò èkejì, nítorí ìfúnpá wọn yàtọ̀, R-32 sì lè gbiná. Ọ̀rọ̀ náà tún kọjá ilé wa. R-22 wà lára àwọn gáàsì tí ń ba ìpele ósóònù jẹ́, tí àdéhùn Montreal ti 1987 fi ń mú kí ayé dẹ́kun lílò wọn. Bí ó bá sì tú sójú ọ̀run, agbára rẹ̀ láti mú ayé gbóná láàárín 100 ọdún ju ti kábọ́nì díóksáìdì lọ ní ìlọ́po tí ó lé ní 1,700. Gáàsì tí a ń dà sínú ọ̀pá tó ń jò lọ́dọọdún ń dá kún ooru tí a ń sá fún.

Iṣẹ́ kan wà tí onílé kò gbọdọ̀ ṣe fúnra rẹ̀. Kàpásítọ̀, ohun kékeré tí ń ran kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ lọ́wọ́ láti dìde, máa ń pa iná mọ́ sínú kódà lẹ́yìn tí a ti pa súìṣì. Ó sábà máa ń bàjẹ́, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ náà kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Bí ẹ bá gbọ́ tí ẹ̀rọ ìta ń kùn fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tí ó sì dákẹ́, léraléra, ẹ pa á, kí ẹ sì pe oníṣẹ́.

Nígbà mìíràn, kò sí ohun tí ó ṣe ẹ̀rọ náà rárá. Ẹrù ni ó pọ̀ jù fún un. Ẹ̀rọ tí a ń pè ní ẹṣin kan ń kó ooru tí ó tó nǹkan bí BTU 9,000 ní wákàtí kan, ẹṣin kan àbọ̀ sì ń kó nǹkan bí 12,000. Bí a bá gbé ẹṣin kan sí pálọ̀ ńlá, tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń wọlé láti ìwọ̀ oòrùn, tí ìlẹ̀kùn ilé ìdáná ṣí sílẹ̀, kì yóò lè borí rẹ̀ láé. Kọ́tìnì tó nípọn lójú fèrèsé ìwọ̀ oòrùn lè ṣe ohun tí gáàsì kò lè ṣe.

Iná tí a ń jó náà ní iye. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A lọ sí ₦225 fún ẹyọ kan. Ẹ̀rọ tí ẹ̀yìn rẹ̀ dí ń jẹ owó yìí láìmú ilé tutù. Nítorí náà, a ti fi iṣẹ́ yìí sí kàlẹ́ńdà ilé wa: asẹ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, ẹ̀yìn ẹ̀rọ ní ìparí ọyẹ́, kí ooru oṣù kẹta tó dé. A sì bá àwọn ará ilé sọ ọ́, wọ́n ti gbé ẹ̀rọ amúnáwá wọn jìnnà síbẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń tọ́jú òbí tàbí ọmọ kékeré nínú ilé, bí oníṣẹ́ bá sọ fún yín pé gáàsì ti tán, ẹ má bá a jà. Oòrùn orí páànù ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń wá oúnjẹ òòjọ́ wọn, àwọn tí ó mọ iṣẹ́ sì pọ̀. Ẹ kàn bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: Dígírì mélòó ni ó ń fà wọlé, mélòó ni ó ń fẹ́ jáde? Ṣé ẹ ti wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ? Bí gáàsì bá dín, ihò rẹ̀ dà? Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú sí ìbéèrè wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó béèrè rárá, ẹ kọ́kọ́ gbé àgbà àti ọmọdé kúrò nínú yàrá náà lọ síbi tí atẹ́gùn wà, kí ẹ sì fún wọn lómi. Ẹ̀rọ lè dúró de ìdáhùn. Ara ènìyàn kì í lè dúró.